Àrùn Ní Orúkọ Tirẹ̀, Èpè Ní Orúkọ Tirẹ̀

Ọ̀rọ̀ òní kò ní dùn mọ́ àwọn kan nínú àwa awo nínú, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ti di àṣà láàrin wa ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́ yìí, láti Ẹ̀gbẹ́dá títí dé Ìkòtún àti Ìgàndò, pé bí aláìsàn bá wọlé tí ó ní inú ń run òun, tí ó sì ní ilé ìwòsàn ti yẹ òun wò títí wọn kò rí nǹkan kan, ọ̀rọ̀ tí yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu awo, kí ó tó fọwọ́ kan ọ̀pẹ̀lẹ̀ pàápàá, ni pé, “Ọwọ́ ayé ni.” Mo sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe Ifá. Ìwà ọ̀lẹ ni. Ọ̀nà méjì ni mo fi ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́: awo ni mí, aláìsàn sì ni mí. Ó di ọdún kejì báyìí tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ti yọ àpò òróòro mi, ìrora tí wọ́n tìtorí rẹ̀ yọ ọ́ kò sì tíì fi mí sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí wọ́n yọ, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ láì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti tú inú adìẹ rí mọ òróòro: àpò kékeré aláwọ̀ ewé tí ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀, tí a máa ń rọra gé kúrò kí ó má baà bẹ́, nítorí bí ó bá bẹ́, gbogbo ẹran náà á korò. Bẹ́ẹ̀ ni ti ènìyàn náà rí. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe omi kíkorò yìí. Àpò náà kàn ń bá a tọ́jú rẹ̀ ni. Bí a bá jẹ oúnjẹ ọlọ́ràá, àpò náà á fún ara rẹ̀ pọ̀, omi inú rẹ̀ á sì gba ọ̀nà tóóró kan lọ sínú ìfun láti lọ tú ọ̀rá. Àwa tí a ń fi ẹyẹlé bọ orí yẹ kí a mọ̀ ju ẹlòmíràn lọ pé ẹ̀dá lè wà láàyè láìní àpò náà. Ẹ tú inú ẹyẹlé wò, ẹ kò ní rí i níbẹ̀. Ẹyẹlé ní ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣe omi òróòro, ṣùgbọ́n kò ní àpò tí ó ń kó o sí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún mi mọ́ pé wọ́n ti yọ àṣẹ kúrò nínú mi. Wọ́n ti sọ ọ́ fún mi, láti ẹnu ẹni tí ó ṣáájú mi nínú awo.

Òkúta ni ó sábà máa ń fa yíyọ rẹ̀. Omi òróòro a máa dì nínú àpò, á di òkúta, òkúta á dí ẹnu ọ̀nà, ìrora á dé. Ní ilẹ̀ wa, àwọn ẹlẹ́jẹ̀ SS ni ó tún ń bá jà gidigidi, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ wọn tí ń tètè bàjẹ́ ni ń di òkúta dúdú nínú òróòro, nígbà mìíràn láti ìgbà èwe. (Ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni a pè ní àbíkú láyé àtijọ́, nígbà tí kò sí ẹni tí ó lè wo inú ẹ̀jẹ̀. Lónìí a lè wò ó, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń kọ́kọ́ fi abẹ kọ ọmọ lára kí wọ́n tó ronú kan àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.) Dókítà Carl Langenbuch ni ó kọ́kọ́ yọ àpò òróòro ènìyàn, ní Berlin, ní oṣù keje ọdún 1882. Ní 1985, ará Jámánì mìíràn, Erich Mühe, yọ ọ́ láti ojú ihò kéékèèké láì la ikùn gbàgà, bí wọ́n ti ṣe tèmi náà. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n ṣe é fún ni ó bọ́ nínú ìrora pátápátá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wa. Àwọn oníṣègùn òyìnbó ní orúkọ gígùn kan fún ti àwa tí kò bọ́, post-cholecystectomy syndrome, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju pé ìyọnu ṣì wà lẹ́yìn tí a yọ òróòro. Àwọn náà mọ bí a ti ń fi orúkọ ńlá bo àìmọ̀.

Ìrora tèmi ń bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún, á yí lọ sí ẹ̀yìn, á gun èjìká. Ó lè dé lẹ́yìn àkàrà, ó lè dé láàárín òru láìjẹ nǹkan kan. Nígbà tí mo padà sí ibi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ibi kan tí n kò ní dárúkọ, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jókòó síbẹ̀ wo ojú àpá mi, ó ní, “Bàbá, iṣẹ́ abẹ yín lọ dáadáa. Ẹ má ṣe ronú jù.” Mo béèrè àkọsílẹ̀ iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n wá fáìlì mi títí, wọn kò rí i. Mo wá gba ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ. Ẹni àkọ́kọ́ ní ọ̀tá ni. Ẹnì kejì ní àwọn ẹlẹyẹ ni. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì tí ó béèrè lọ́wọ́ mi pé, “Níbo gan-an ni ó ti ń dùn ọ́? Kí ni o jẹ? Ṣé ojú rẹ ń pọ́n bí ẹni tí ibà pọ́njú mú?” Nígbà tí mo sì sọ pé scan tí mo tún ṣe fi hàn pé ọ̀nà òróòro mi fẹ̀ díẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, àti pé wọ́n ní kí n lọ ya àwòrán MRI, ẹnì kejì yìí ní kí n má lọ, pé ẹ̀rọ yóò ba ẹbọ mi jẹ́.

Ibí ni inú ti bí mi. Nínú Odù wo ni ẹ̀rọ ti ń ba ẹbọ jẹ́?

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ohun tí gbogbo ọmọ awo kọ́ ní kékeré. Àwọn Ajogun tí ń bá ọmọ ènìyàn jà ní orúkọ: Ikú, Àrùn, Òfò, Ẹ̀gbà, Ọ̀ràn, Èpè, Ẹ̀wọ̀n, Èṣe. Ẹ kà wọ́n dáadáa. Àrùn dúró lọ́tọ̀, Èpè dúró lọ́tọ̀, Èṣe náà dúró lọ́tọ̀. Àwọn baba wa kò pa wọ́n pọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé Èpè ni gbogbo Àrùn, kí ni wọ́n tún fún un ní orúkọ tirẹ̀ ṣe? Ẹni tí ó bá wo gbogbo inú rírun tí ó sì pè é ní ọwọ́ ayé ti fa Àrùn yọ kúrò nínú àwọn Ajogun láì gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bákan náà ni ìbò. Kí ni a ń fi ìbò ṣe? Ìbéèrè ni. Odù yọ sórí ọpọ́n, a kì í tìtorí bẹ́ẹ̀ sáré sọ̀rọ̀. A ó bi Ifá bóyá ire ni tàbí ibi. Bí ó bá jẹ́ ibi, a ó bi í pé irú ibi wo. Bí ó bá jẹ́ Àrùn, a ó tún bi í níwájú. Owó ẹyọ lọ́wọ́ kan, egungun lọ́wọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ni a ó máa dín ọ̀nà kù títí a ó fi dé ibi tí ọ̀ràn wà. Dókítà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: ṣé ẹ̀dọ̀ ni, ṣé àpòlúkù ni, ṣé ọ̀nà òróòro ni, bí ó bá jẹ́ ọ̀nà òróòro, ṣé òkúta ni ó kù síbẹ̀, àbí ó fún mọ́ ara rẹ̀? Òun náà ń di ìbò, bí kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Awo tí ó dé ìdáhùn kí ó tó béèrè ti sọ ìbò di ohun ìṣeré ọmọdé.

Kí á tún wo ẹsẹ Ifá fúnra rẹ̀. Ó ń dárúkọ awo tí ó dá Ifá, ó ń dárúkọ ẹni tí a dá a fún, ó ń sọ ohun tí ó ń ṣe onítọ̀hún, ó ń ka ohun ẹbọ, ó ń sọ bóyá ó rú u tàbí kò rú u, ó sì ń sọ bí ó ti rí lẹ́yìn náà. Kò fi ìjákulẹ̀ pamọ́: ẹni tí nǹkan bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Àkọsílẹ̀ aláìsàn ni èyí, àfi pé orí ni a fi kọ ọ́, a kò lo ìwé. Àwa tí a jogún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni a wá ń gba aláìsàn wọlé lónìí láìbéèrè orúkọ oògùn tí ó ń lò.

Àwọn kan yóò sọ pé Ifá ń rí ohun tí ẹ̀rọ kò lè rí. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ń rí ohun tí awo kò béèrè lọ́wọ́ Ifá. Àwọn mìíràn yóò ní abẹ òyìnbó kì í ṣe tiwa. Ta ni ó ni abẹ? Ògún ni. Àwọn olóòlà tí wọ́n ń kọlà, tí wọ́n ń dábẹ́ fún ọmọ, ọmọ Ògún ni wọ́n, ó pẹ́ kí òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí Èkó. Yàrá iṣẹ́ abẹ kún fún irin. N kò rí ìdí tí ọmọ Ọ̀rúnmìlà yóò fi máa ṣe bí ẹni pé Ògún kò sí níbẹ̀.

Nípa ọ̀tá, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ẹnì kan tí ó ní ọ̀tá tòótọ́. Anthony Eden ni mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí wọ́n yọ òróòro rẹ̀ ní London ní oṣù kẹrin ọdún 1953. Ọ̀nà òróòro rẹ̀ fara gbọgbẹ́ nínú iṣẹ́ abẹ náà. Wọ́n tún un ṣe, kò tó. Ní oṣù kẹfà ọdún náà wọ́n gbé e lọ sí Boston ní Amẹ́ríkà, níbi tí Richard Cattell, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ṣe, ti là á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó yè. Ó di olórí ìjọba ní 1955. Òun ni ó wà lórí àga nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ 1956. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, nígbà tí ọ̀ràn Suez ń gbóná, ibà ńlá gbé e dè. Ibà náà ti ibi ọ̀nà òróòro yẹn wá. Ní oṣù kìíní 1957 ó fi ipò sílẹ̀ nítorí àìlera, kí ọdún náà sì tó parí, wọ́n ti tún là á ní Boston. Ó wà láàyè títí di 1977. Bí Eden bá jẹ́ ọmọ Ìdímù, kì bá ti ní ààyè láti dé Boston: a ò bá ti sọ fún un pé àwọn alátakò rẹ̀ nínú òṣèlú ni, a ò bá sì ti gba ewúrẹ́ méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ọ̀tá lóòótọ́, púpọ̀ pàápàá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà òróòro tí ó gbọgbẹ́ ni ó ń pa á lára, ẹni tí ó wá a rí ni ó sì ràn án lọ́wọ́.

Ìdí mìíràn pọ̀. Òkúta lè kù sínú ọ̀nà òróòro lẹ́yìn tí àpò ti lọ. Ìrora náà lè jẹ́ ti ọgbẹ́ inú tí ó ti wà níbẹ̀ látẹ̀yìnwá, tí òkúta kàn wá fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ó lè jẹ́ ti ìfun tí ń ká mọ́ra. Ó lè jẹ́ ti ojú àpá. Ẹran ara kékeré kan sì wà ní ẹnu ibi tí òróòro ti ń wọ ìfun, tí ó ń ṣí tí ó ń tì. Ruggero Oddi, ọmọ Ítálì tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà, ni ó ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1887. Bí ó bá fún pọ̀ jù, ìrora á dé. Ẹ fetí sí èyí dáadáa: codeine àti àwọn ẹbí rẹ̀ lè mú kí ó fún pọ̀ sí i, ẹni tí ó bá ń fi wọ́n pa ìrora òróòro lè máa fi epo sí iná.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ẹnu ọ̀nà yìí, nítorí pé ohun kan ṣẹlẹ̀ nípa rẹ̀ tí ó yẹ kí ojú ti àwa awo. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn dókítà fi ń gé e láti mú un ṣí sílẹ̀, tí wọ́n sì ń sọ pé ó ń wo àwọn ènìyàn sàn. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan nínú wọn pinnu láti dán iṣẹ́ ara wọn wò, ní ilé ìwòsàn 7, lára ènìyàn 214 tí òróòro wọn ti kúrò, tí inú sì ń run síbẹ̀, tí àyẹ̀wò kò sì rí ohun kan gbòógì. Wọ́n gé e fún 141. Àwọn 73 yòókù, wọ́n sùn wọ́n, wọ́n ti ẹ̀rọ bọ inú wọn, wọn kò sì gé nǹkan kan. Aláìsàn kò mọ èyí tí wọ́n ṣe fún òun. Nígbà tí ọdún yípo, nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí a gé, 23 ni ara wọn yá. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí a kò gé, 37. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2014 kí gbogbo ayé kà á, pé ohun tí àwọn ti ń gbowó lé lórí kò wúlò fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ta ni nínú wa tí ó ti dán ẹbọ tàbí àgbo rẹ̀ wò báyìí? A mọ bí a ti ń sọ pé UNESCO bu ọlá fún Ifá ní 2005. Wọ́n bu ọlá fún ọgbọ́n àwọn tí ó kó o jọ. Wọn kò fọwọ́ sí gbogbo ohun tí ẹ̀yin ń tà nínú ìgò.

N kò sì fi àwọn ilé ìwòsàn wa sílẹ̀. Ìdánwò yẹn fúnra rẹ̀ kò sọ pé àwọn 214 náà ń parọ́ ìrora. Ó kàn sọ pé abẹ kọ́ ni ìdáhùn rẹ̀. “Ẹ má ṣe ronú jù” kì í ṣe ìtọ́jú, ó jẹ́ “ọwọ́ ayé ni” tí a wọ ẹ̀wù funfun fún. Aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí a gé lára rẹ̀, ohun tí a rí nínú àpò náà, àti bóyá ọ̀nà òróòro rẹ̀ mọ́ ṣáká lọ́jọ́ náà. Ẹ béèrè ìwé yín kí ẹ tó kúrò lórí ibùsùn. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó lè wọ inú ọ̀nà òróòro lọ yọ òkúta láì la ikùn kò wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, owó rẹ̀ sì ga, nítorí náà ẹni tí kò ní ìwé lọ́wọ́ yóò máa san owó àyẹ̀wò kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ní ti àgbo, Ọ̀sanyìn ni ó ni ewé, a sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo babaláwo ni oníṣègùn. Síbẹ̀, ẹ dúró ní ibùdókọ̀ Ìkòtún ní ìrọ̀lẹ́, ẹ wo iye ènìyàn tí ń di ìhà ọ̀tún mú tí wọ́n ń mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí a fi ọtí líle rẹ. Ẹ̀dọ̀ ni ọtí náà ń bọ́ lé. A máa ń fi àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n da oògùn wọn nù ṣe ẹlẹ́yà. Ìkòtún kan náà ni ilé àlejò ìjọ Synagogue ti wó ní 12 September 2014, tí ó pa ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún, ọ̀pọ̀ nínú wọn láti Gúúsù Áfíríkà. Ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ń rìn wá sí àdúgbò wa yìí láti wá ìwòsàn àti àdúrà. Àwọn tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn tiwa náà kò yàtọ̀ sí wọn: ìrora ni ó lé wọn wá, wọ́n sì ti ṣe tán láti gbà ohunkóhun tí a bá sọ gbọ́. Ìyẹn ni ó mú kí ọ̀rọ̀ ẹnu wa wúwo.

Nítorí náà, ẹ̀yin awo, bí ẹni tí a ti yọ òróòro rẹ̀ bá wá bá yín tí ojú rẹ̀ pọ́n yẹ̀rì, tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, tí ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ funfun, tàbí tí ibà pẹ̀lú òtútù ń gbọ̀n ọ́n, ẹ má ṣe gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ jáde. Ẹ pe ọkọ̀. Ọ̀nà òróòro rẹ̀ lè ti dí, èyí sì lè pa á láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ lè rú ẹbọ tọ̀ ọ́ lẹ́yìn nígbà tí ó bá ti wà lọ́wọ́ dókítà.

Mo rú ẹbọ tèmi, ojú kò sì tì mí láti sọ ọ́. Ẹbọ ni ó jẹ́ kí n lè sùn, tí n kò fi bínú kú, tí ìyàwó mi fi rí mi bá sọ̀rọ̀. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Mo ń dá a, mo sì ń béèrè. Ṣùgbọ́n n óò ya àwòrán MRI náà. Owó rẹ̀ ti ń pé bọ̀. Bí òkúta bá wà níbẹ̀, n óò wá ẹni tí yóò yọ ọ́. Bí kò bá sí, a ó tún ìbò dì, èmi àti dókítà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọwọ́ ayé ni, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ẹ kó ẹni mẹ́wàá jọ tí òróòro wọn ti kúrò, tí inú wọn sì ń run. Ẹ má ṣe dárúkọ wọn. Ẹ kọ ohun tí Ifá sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ohun tí ó fi rúbọ, iye tí ó ná, àti bí ara rẹ̀ ti rí lẹ́yìn ọdún kan, àti ẹni tí ó yè àti ẹni tí kò yè, bí ẹsẹ Ifá ti ń ṣe. Ẹ fi í ránṣẹ́ sí mi. Èmi yóò tẹ̀ ẹ́ síbí, láì yọ ọ̀rọ̀ kan, kódà bí ó bá sọ mí di òpùrọ́.